Kí O Tó Gba Ipò Marisol

Fulshear,
Òwúrọ̀ Sátidé.

Déọlá, Àṣàbí mi, ọmọ tó fi gìtá lé oorun lójú mi fún odindi ọdún mẹ́wàá,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú orí ire. Lẹ́tà ni mo kọ torí pé o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Tí mo bá ti ní "Ẹ̀kíní," wàá ní, "Daddy, I'm driving, mo máa pè yín padà." Lẹ́tà ò mọ̀ bóyá o ń wakọ̀ tàbí o ò wakọ̀. Màmá yín ní kí n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó lè tètè yé ọ. Mo ní rárá. Èdè tí mo fi ń bá ọ wí láti kékeré ni mo máa fi gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ìwọ náà ṣáà ka Yorùbá ní kíláàsì Sátidé ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún lo fi ń lọ. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, kà á sókè, etí rẹ á mọ èyí tí ojú rẹ ò mọ̀. Èmi fúnra mi ni màá wá tì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ lọ́sàn-án òní, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò lè dúró de ilé ìfìwéránṣẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ohun tí ọkàn rẹ ń ṣe kámi-kàmì-kámi lé lórí. Mi ò kọ̀wé láti dá ọ dúró. Lọ. Ẹgbẹ́ olórin heavy metal, orin gìtá aláriwo yẹn, tó ti ṣe àwo mẹ́rin, tó ní bọ́ọ̀sì tiẹ̀, tí wọ́n mọ̀ láti ibí dé California, tí wọ́n wá ní kí ọmọ mi máa ta gìtá fún àwọn, kí ni mo tún fẹ́ sọ ju "Olúwa, o ṣeun" lọ? Màmá yín ṣì ń dárúkọ iṣẹ́ rẹ ní ilé ìpoògùn. Màá bá a sọ ọ́. Oògùn ò ní tán láyé kí o tó ti ìrìn àjò dé.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí o sọ fún màmá yín lórí fóònù lọ́jọ́ Túsìdé. Ẹ̀yin méjèèjì rò pé bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. Òótọ́ ni pé mò ń wo bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n etí mi ò sí níbẹ̀. O ní àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ti pinnu láti yọ Marisol, pé ipò rẹ̀ gan-an ni wọ́n fún ọ. O ní ọwọ́ tó ń dùn ún ò jẹ́ kó yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì ti pa rìhásà méjì, ìdánrawò ẹgbẹ́ wọn, jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì mọ̀. Sátidé tó ń bọ̀, tó bá wá sí rìhásà, ni wọ́n máa sọ fún un, wọ́n sì ní kí o dákẹ́ títí dìgbà náà. Màmá yín bi ọ́ pé, "Ṣé Marisol wa yìí náà?" O ní, "Mummy, it's not my place. Àwọn àgbà inú band ló ti decide. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kí n má máa dá sí ọ̀rọ̀ àgbà."

Mi ò mọ ẹni tó borí nínú bọ́ọ̀lù yẹn títí dòní. Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Marisol tí ẹ jọ ka girama. Marisol tó máa ń ṣí ìkòkò ìrẹsì wa kó tó kí wa, tó rí i pé o máa ń kúnlẹ̀ kí mi, tí òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí kúnlẹ̀ ààbọ̀, orókún ọ̀tún nìkan, a ò mọ̀ bóyá bàtà ló fẹ́ dè. Òun ló mú ọ lọ gbọ́ orin ẹgbẹ́ yìí nígbà àkọ́kọ́. Òun náà ló sọ fún wọn pé o mọ gìtá ta ju òun lọ. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti àárọ̀. Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí rí. Ṣùgbọ́n bàbá ni mí, bàbá kì í sáré sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ọmọ nímọ̀ràn lórí oúnjẹ. Ó yá.

Ẹ̀kíní, etí rẹ. Ra ohun ìdí-etí gidi tó ń dín ariwo kù, kì í ṣe òwú. Nígbà tiwa, òwú pàápàá, ojo la máa ń pe ẹni tó bá fi sétí. Etí mi òsì ń súfèé tọ̀sán-tòru báyìí, orin kan ṣoṣo ló sì mọ̀. Màmá yín mọ èyí tó ṣì ń gbọ́ràn, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí tó bá fẹ́ bá mi jà.

Ẹ̀kejì, ìwé. Ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ, kí o sì fún lọ́yà kà. O mọ̀ pé èmi náà ta gìtá béèsì olóhùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ heavy metal nígbà tí mò ń kàwé. O ti rí fọ́tò tí irun mi dé èjìká, o sì ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ tó. Mi ò ní kọ orúkọ tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ síbí, torí àpọ́sítélì wa lè rí lẹ́tà yìí. Greg ni olórin wa, gáréèjì bàbá rẹ̀ la ti ń ṣe rìhásà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìwé àdéhùn kan wá pé ká buwọ́ lù ú. Mo fi ọdún mẹ́rin kéré sí i. Mo buwọ́ lù ú láìkà á, torí lójú mi, kí ọmọdé máa ka ìwé tí àgbà gbé wá níṣojú rẹ̀, ó dà bí ẹni ń sọ pé àgbà ń purọ́. Orin mẹ́ta tí mo ṣe wà nínú àwo wa àkọ́kọ́, orúkọ Greg ló wà lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó dùn jù nínú wọn, orin ìsìn tí ìyá mi àgbà máa ń kọ tó bá ń gún iyán ni mo yí padà. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, Greg ló ṣe é.

Ẹ̀kẹta, mú gàrí dání. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń rìnrìn àjò máa ń jẹ bọ́gà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí ikùn á fi gbàgbé ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ. Mo rẹ gàrí lẹ́bàá títì ní Oklahoma, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, Greg ní, "You got any more of that cereal?" Mo bù fún un. Kò mọ̀ pé omi tútù là ń lò, ó fi kọfí rẹ̀ rẹ ẹ́, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀kẹrin, má purọ́ fún wa nípa ibi tí o wà. Èmi kọ̀wé sí ìyá mi ní Iléṣà pé ẹgbẹ́ akọrin ni mò ń ta gìtá fún. Òótọ́ ààbọ̀ ni. Nígbà tí mo gbé kásẹ́ẹ̀tì wa délé, ó jókòó gbọ́ ọ dé ìparí, ìyá mi ní sùúrù. Ó wá ní, "Orin àwọn alágbẹ̀dẹ ni. Ẹni tó ń lọ irin lábẹ́ gbogbo ẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ?" Èmi ni mò ń lọ irin náà. Ibẹ̀ ni "orin alágbẹ̀dẹ" ti wọ ilé wa, o rò pé àwàdà tèmi ni.

Ẹ̀karùn-ún, mo ti ka ìtàn àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí débi pé màmá yín ní ká ní Bíbélì ni mo kà tó bẹ́ẹ̀, mi ò bá ti di bíṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Ọmọkùnrin mẹ́rin nínú gáréèjì. Kásẹ́ẹ̀tì kan. Bọ́ọ̀sì tó ń jo epo sílẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ ẹnì kan. Àwo kejì, wọ́n á tún yọ ẹnì kan. Nígbà tó bá di àwo karùn-ún, olórin á dá tiẹ̀ sílẹ̀, onígìtá á dá tiẹ̀ sílẹ̀, orúkọ kan náà á wà lára bọ́ọ̀sì méjì, wọ́n á wá pàdé ní kóòtù. Tó bá pẹ́, wọ́n á ní àwọn ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n á padà wá, kí wọ́n lè tún fẹ̀yìn tì. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Mo ka ìtàn ẹgbẹ́ tí o fẹ́ wọ̀ náà. Wo ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn tó ti wà níbẹ̀ rí sí. Ó gùn ju ti àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ láti dẹ́rù bà ọ́. Mo fẹ́ kí o mọ irú ilé tí ò ń wọ̀, kí o fi ojú sílẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ó dára. Mo ti sọ ti oúnjẹ, mi ò ní nọ́ńbà kankan mọ́. Jẹ́ kí n sọ ti Dale fún ọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Houston, apartment kan ní Brays Oaks, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni èmi àti àwọn ọmọ ìlú wa méjì ń gbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ta orin ìsìn lórí gìtá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Òyìnbó gíga kan ló dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà, irun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìbàdí. Mo rò pé ariwo ló bá wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́, "Sorry sir, I will stop it now." Ó ní, "No, man. Can you play that same thing, but lower?" Ó ní Dale ni orúkọ òun, onílù ni òun, ìsàlẹ̀ wa ni òun ń gbé, àwọn sì ń wá ẹni tó máa ta béèsì. Bí mo ṣe di alágbẹ̀dẹ nìyẹn.

Dale ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lórí freeway. Mo máa ń pe Jésù tí tírélà bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tó yá, òun náà ń bá mi pè é, bẹ́ẹ̀ kò dé ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé láti Iléṣà pé bàbá mi ti kú, tí mi ò lè lọ sin ín torí ìwé ìgbélùú mi ò tíì tọ́, Dale wá jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ìlú wa kí mi, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì gba ibi iṣẹ́ lọ, wọn ò jẹ̀bi. Dale ò lọ síbi kankan. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń se núdù, ó ń gbé e wá, ó ń gbé abọ́ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílùú yìí, mi ò tíì tún rí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì wa wá dé ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń gbé àwo jáde. Ó ní òun á gbé tiwa jáde, ṣùgbọ́n ká wá onílù mìíràn, torí ìlù Dale máa ń fà sẹ́yìn. Òótọ́ ni, ó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Greg pe èmi àti àbúrò rẹ̀ tó ń ta gìtá sí gáréèjì, kò pe Dale. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "I think we have to let Dale go. If anybody's against it, say so now." Àbúrò rẹ̀ ní òun fara mọ́ ọn. Greg wá wò mí.

Déọlá, mo tẹrí ba. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Nílé bàbá mi, tí àgbà bá bi ìpàdé pé ta ló ní ohun tó fẹ́ sọ, ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ kì í la ẹnu. Ilẹ̀ ló máa wò. Àgbà tó bá gbọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ọmọ yẹn. Tí ìpàdé bá tú, á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ọmọ mi, kí lo rí sí i?" Ibẹ̀ ni ọmọ á ti sọ tẹnu ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú mi. Mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ ní Gẹ̀ẹ́sì: ká fún Dale ní oṣù kan, èmi àti òun á jọ máa dánra wò lójoojúmọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dúró sójú kan, àti pé ká ní kò sí Dale, èmi alára ò ní sí níbẹ̀. Mo wolẹ̀, mò ń dúró kí Greg pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Greg ní, "Okay. So we're all agreed." Ó dìde, ó lọ mu omi. Títí di òní, kò tíì pè mí.

Mi ò bá Greg wí. Ní ilé tiẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. Ó bi mí ní kedere, mo sì ní ẹnu. Àwọn àgbà wa tó ní kí ọmọdé má dá sí ọ̀rọ̀, àwọn náà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí tó rọrùn fún mi nínú méjèèjì ni mo dì mú. Tèmi tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ti Dale ló bá mi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Dale gbé páálí dónọ́ọ̀tì kan wá sí rìhásà. Greg sọ fún un kó tó jókòó. Kò bá Greg jiyàn. Èmi ló ń wò. Mò ń yí ìṣó tó ń fa okùn gìtá mi bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ti já, ohùn rẹ̀ ò sì já. Mo rántí pé kò sẹ́ni tó jẹ dónọ́ọ̀tì yẹn.

Àwo wa jáde. Onílù tuntun yára bí ẹ̀rọ. A dé Oklahoma, a dé Louisiana, a dé àwọn ìlú kékeré tí wọn ò rí ènìyàn dúdú tó ń ta béèsì lórí irú orin bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn àwo kejì, wọ́n yọ èmi náà. Wọn ò tilẹ̀ pe ìpàdé, onílù tuntun ni wọ́n ní kó pè mí lórí fóònù. Mo ní, "No problem," mo padà sídìí ìwé ẹ̀rọ tí mo wá kà. Orí ló bá mi ṣe é, torí ká ní mo ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn ni, ẹlòmíràn ni ì bá bá màmá yín gbé ìwé ní láíbìrì.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti bá ara mi ṣe ẹjọ́ náà, mo sì ti dá ara mi lẹ́bi mọ níwọ̀n: mo dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo rò pé mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìpè rẹ ọjọ́ Túsìdé, mi ò lè jókòó mọ́. Mo wá ibi tí Dale wà, ó ń gbé ní Humble, nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wakọ̀ láti Fulshear lọ bá a. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti gé e. Ó ti mọ̀ mí kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. A gbé àga síwájú ilé rẹ̀. Bàálù ń kọjá lókè wa lemọ́lemọ́, a máa ń dúró kó kọjá ká tó lè sọ̀rọ̀.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ní ọkàn mi ò sí nínú ìpinnu yẹn. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tọ́ wa, pé mò ń dúró kí wọ́n pè mí. Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó wá ní, "Man, I don't care about the vote. I was slow. I knew I was slow." Bàálù kan kọjá. Ó ní, "I made six trips to my car with those drums. Six. Nobody picked up a thing. Every time I came back in, I thought, this time he'll get up."

Mo ti gbàgbé, Déọlá. Mo rántí dónọ́ọ̀tì, mo rántí ìṣó gìtá, mi ò rántí pé ó gbé ìlù rẹ̀ jáde. Ó ní láti gbé e jáde ṣá, ìlù ò ní ẹsẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, ọ̀rẹ́ tó jókòó tì mí lórí ikú bàbá mi ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú mi lẹ́ẹ̀mẹfà, mi ò sì gbé nǹkan kan. Kò sí àgbà kankan tó ní kí n má gbé e. Kò sí àṣà Yorùbá kankan tó ní kí n jókòó. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Má bínú pé òwe náà ń rùn, òun ló bá ọ̀rọ̀ mu. Mo sunkún níwájú ilé ọkùnrin yẹn, èmi tí o mọ̀ yìí. Ó wọlé, ó bu omi wá fún mi. Kò ní òun dárí jì mí, mi ò sì bi í. Ó ní kí n tún máa bọ̀ tí àyè bá yọ.

Ó kan ìwọ báyìí. Ohun tí mo kọ́ ọ, mi ò pa á rẹ́, mo fẹ́ tún un ṣe ni. Máa kúnlẹ̀. Máa sọ "ẹ" fún ẹni tó bá jù ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣe pé àgbà nìkan gbọ́n tí ọmọdé ń wolẹ̀. Tí wọ́n bá bi ọ́, dáhùn. Tí wọn ò bá bi ọ́, sọ fún wọn pé o ní ohun tí o fẹ́ sọ. Ẹni tó bá sì ní kí o máa wo ọ̀rẹ́ rẹ lójú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí o máa rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Mi ò ní kí o kọ ipò náà. O lè má lè yí ìpinnu wọn padà, ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ni ọwọ́ Marisol ò lè gbé ìrìn àjò oṣù mẹ́ta. Ohun tí mo ní kí o ṣe ni pé kí o lọ sílé rẹ̀ lónìí. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Fi ojú rẹ lọ. Sọ fún un pé, "Wọ́n fẹ́ yọ ọ́, èmi ni wọ́n pè, mo sì fẹ́ gbà á. Mi ò fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ níwájú wọn." Tó bá bú ọ, gbà á. Tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, fún un láyè, má ṣe bínú. Lẹ́yìn náà, pe àwọn ọ̀gá rẹ, kí o sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé o ti sọ fún un.

Wọ́n lè gba ipò náà padà lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀, mo sì mọ bó ti pẹ́ tó tí o ti ń wá a. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ibi kan náà ló ń já sí. Tí wọ́n bá gbà á, wọn ò lè gba ọwọ́ rẹ. Mo ti gbọ́ ọ, Àṣàbí. Mo ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé yìí lọ́pọ̀ ìgbà tí o rò pé mo wà nínú yàrá, mò ń gbọ́ bí o ṣe ń ta gìtá yẹn, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹgbẹ́ mìíràn á wá ọ wá. Yàrá rẹ ṣì wà níbí, màmá yín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan kan síbẹ̀.

Olúwa á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Bọ́ọ̀sì yín ò ní dúró sójú ọ̀nà. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, wọn á máa fi ayọ̀ gbà ọ́, a ò sì ní fi ojú sunkún rẹ.

Tí wọ́n bá sì fi ipò náà sílẹ̀ fún ọ, dé rìhásà Sátidé ṣáájú gbogbo wọn. Marisol á wá kó ẹrù rẹ̀. Sípíkà rẹ̀ ńlá yẹn wúwo, mo ti bá a gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rí, kì í ṣe ẹrù ẹnì kan, pàápàá ẹni tí ọwọ́ ń dùn. Má dúró kó bẹ̀ ọ́. Di apá kejì mú, kí ẹ jọ gbé e dé ibi ọkọ̀ rẹ̀, kí o tó padà wọlé wá so gìtá tìrẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.